Mi Ò Sin Laptop Ọkọ Rẹ Sínú Snow

Inú basement,
Penbrooke Meadows, Calgary.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 2016.

Ìdùnnú ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, irọ́ ni. Mi ò sin laptop ọkọ rẹ sínú snow. Orí snow ni mo gbé e lé, mo sì kọ́kọ́ fi àpò ìrẹsì wé e kí omi má baà kàn án, kò sì lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo gbẹ́ ihò, pé mo fi ṣọ́bìrì bò ó, pé mo ní òtútù ló ń pa kòkòrò, kí ó wá fi ṣọ́bìrì náà hàn mí. Ṣọ́bìrì wo? Èyí tí onílé tì mọ́ inú gáréèjì, tó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí?

Ó dáa, mo ti sọ ìyẹn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì Toronto kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àìsàn tí o ń lé kúrò lára ọlọ́mọ kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ọwọ́ tí o fi ń gbé aláìsàn dìde, ọmọ rẹ ni yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ọ dìde lọ́jọ́ ogbó. Àmín. Tọkàntọkàn ni mo gba àdúrà yìí bí inú tilẹ̀ ń bí mi, nítorí bàbá kì í tìtorí ìbínú gbẹ́sẹ̀ lé àdúrà ọmọ.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá kò jẹ́ kí n lè jẹun. O ní o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, o ní lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun kí n máa padà lọ sí Òkè-Awò ìlú wa, o ní kì í ṣe pé o ń bínú, pé ohun èlò ayé òde òní ni kò tíì yé mi. Ìdùnnú, ẹni tí kò bínú kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì lé bàbá rẹ̀ lọ láì bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé o fi ọdún méje jù mí lọ. Mo mọ̀ pé o pọ̀n mí rí, wọ́n ní mo tilẹ̀ tọ̀ sí ọ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èmi ni àbíkẹ́yìn bàbá bàbá rẹ, bàbá ni mo jẹ́ sí ọ, ìtọ̀ kò sì pa ìyẹn rẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ kú, èmi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo jókòó sórí àga bàbá ìyàwó, tí Dàpọ̀ ọkọ rẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nà gbalaja síwájú mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dojú bo rọ́ọ̀gì, ó ń rẹ́rìn-ín, mo rí i, mo sì fi jì í. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ, tó fi ọdún méjìlá jù mí lọ, ti ń pè mí ní Bàbá, ẹ ni ó sì ń bá mi sọ títí di òní. Dùnsìn ọmọ rẹ ń pè mí ní Grandpa níwájú gbogbo ilé ìwé wọn, olùkọ́ rẹ̀ wo ojú mi, ó wo irùngbọ̀n tí kò tíì hù tán, ó ní kí n mú ìwé ìdánimọ̀ wá. Mo mú un wá. Gbogbo ayé ló ti gbà pé bàbá ni mí, àfi ìwọ.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Eyín iwájú Dùnsìn ti yọ. Ó ní kí a fi sábẹ́ ìrọ̀rí, pé ẹnìkan tó ní ìyẹ́ yóò wọlé wá gbé e, yóò sì fi owó sílẹ̀. Mo ní ẹni tó ń wọ yàrá ọmọdé láì kan ilẹ̀kùn, a kì í gba owó lọ́wọ́ irú wọn, mo sì sọ eyín náà sórí òrùlé gáréèjì bí a ti ń ṣe nílé. Ó sunkún díẹ̀, mo fún un ní dòdò, ó gbàgbé. Snow ti ga dé ojú fèrèsé basement, orí àga ni a ń gùn kí a tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti já lulẹ̀, ọkùnrin kún àdúgbò yìí ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú ni lójoojúmọ́. Aládùúgbò wa lápá òsì ti ta ọkọ̀ ńlá rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó ń fi rìn lọ ra wàrà, tí ó bá rí mi, yóò máa sọ fún mi pé ó dára fún ọkàn òun.

Ọkọ rẹ wá ńkọ́? O kò sí nílé, o kò rí i. Oṣù kẹrìndínlógún rèé tí iṣẹ́ ti bọ́, síbẹ̀ ní àràárọ̀ ni ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń de táì, ó ń jókòó síwájú laptop bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ìsùn ni ó wà nísàlẹ̀.

Òun ló ní kí n kọ èyí tó kù sí ọ. Mo ti ṣèlérí fún un pé o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, n kò bá sì ti sọ ọ́, ǹ bá fi ẹ̀bi náà wọ bàálù padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ tí o kọ hàn án lánàá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ táì rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un, èmi kò ní ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, ohun yòówù tó bá bí ọ nínú nínú ìwé yìí, èmi ni kí o pariwo lé lórí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà kan wọlé sórí laptop Dàpọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ epo kan fẹ́ gbà á, kí ó kọ́kọ́ gbé ètò kan sórí laptop rẹ̀ tí wọn yóò fi bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè ẹni tó se ọbẹ̀. Ó gbé e sórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú laptop fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọkọ̀ panápaná, tí obìnrin kan ń pariwo láti inú rẹ̀ pé kòkòrò ti wọbẹ̀, kí ó má ṣe pa laptop, kí ó yára pe nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Dàpọ̀ pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní alátùn-únṣe ni òun, ó ní kí Dàpọ̀ ṣílẹ̀kùn laptop fún òun láti ibi tí òun wà. Ọkọ rẹ sì ṣí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni èmi àti Dùnsìn ti ilé ìwé dé. Mo bá Dàpọ̀ tó jókòó, táì lọ́rùn, fóònù létí, ọwọ́ kejì lórí itan, tí ọfà kékeré ojú laptop sì ń rìn káàkiri fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, Ìdùnnú. Ó ń ṣí èyí, ó ń pa tọ̀hún dé, bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn. Mo ní ta nìyẹn. Ó ní alátùn-únṣe ni, Bàbá, ẹ jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Mo ní ọmọ ta ni. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ta ló mú un wá. Ó ní òun ni òun pè é. Mo ní ta ló fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní obìnrin tó ń pariwo nínú laptop ni. Mo ní ta ló wá mú obìnrin náà wá.

Ìdùnnú, o mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ẹni tó fẹ́ wá kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ fèrèsé kì í wọ yàrá láì ní ẹni tó mú un wá, ẹni tí a óò dì mú bí nǹkan bá sọnù. Ọkọ rẹ ka ìwé títí dé Aberdeen, wọn kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ní tèmi, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé ìwé wa ní Òkè-Awò, ọ̀gá àgbà fi aṣọ bò ó nítorí eruku, ojú pátákó ni tíṣà ti yà á fún wa, a kò fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n mo mọ àlejò, mo sì mọ olè.

Mo gba fóònù. Mo kí ọkùnrin náà dáadáa ní èdè Òyìnbó, mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú òtútù, mo bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ó ní orúkọ òun ni Kevin. Mo ní Kevin ọmọ ta. Ó ní láti ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ni òun ti ń pè. Mo ní ọ́fíìsì kì í bímọ. Mo ní kí ó dárúkọ bàbá rẹ̀, àti àdúgbò wọn, àti àgbàlagbà kan ní Calgary yìí tó lè dúró fún un, mo ti mú bírò dání. Ó ní ṣé orí mi pé ṣá. Mo ní bóyá kò pé, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ bàbá mi. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, bí ẹnu rẹ̀ ti ń bú mi ni ọfà rẹ̀ ń sáré, àfi bí mo ṣe rí i tó dé ojú ìwé báńkì yín, mo rí orúkọ rẹ níbẹ̀, tìrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ, níbi tí gbogbo owó tí o ń fi ẹsẹ̀ wíwú ṣiṣẹ́ fún wà.

Mo já wáyà, mo gbé laptop mọ́ àyà láì pa á dé, mo fa àpò ìrẹsì tí a ń kó ìgò sí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sá jáde. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ojú mi kò kúrò lára ọfà náà. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń rìn. Mo dé ẹnu géètì, ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo dé ẹ̀yìn gáréèjì aládùúgbò, ó dúró gbagidi. Mo rò pé òtútù ló mú un. Mo fi àpò wé e, mo gbé e lé orí snow, mo sì dúró tì í, nítorí olè tí a bá mú nínú yàrá, ìta gbangba ni a ti ń bi í léèrè. Mo ń dúró kí Kevin jáde.

Dàpọ̀ ló jáde. Kò wọ kóòtù. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo ti múra láti gbà á. Ó jókòó sílẹ̀ sínú snow, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní oṣù mẹ́rìndínlógún, Bàbá. Mo bọ́ suẹ́tà mi, mo fi bò ó. Nígbà tó tó àkókò kan, ó ní kí n dákun má jẹ́ kí o gbọ́, ó ní ẹrù tí o ń rù ti tó, kí o má tún gbọ́ pé ẹnjiníà tí o fẹ́ ni wọ́n fi lẹ́tà irọ́ mú bí eku. Mo ní etí rẹ kò ní gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mardiyah wá láti àdúgbò Temple. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, òun àti Dàpọ̀ jọ ṣiṣẹ́ rí, òun náà sì ti wà nílé láti oṣù kẹsàn-án. Ó bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ń dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbígbé tí mo gbé e sá jìnnà sí Wi-Fi ilé ni ó gé ọwọ́ olè náà, pé bí a bá ti jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, àpò báńkì yín ì bá ti ṣófo. Ìgbà tó wá rí àpò ìrẹsì ló tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ètò tí a kò pè tó wà nínú laptop jáde. Mẹ́tàlélógún ni a bá níbẹ̀, Dàpọ̀ kò mọ ìgbà tí ìdajì wọn wọlé. Ọ̀kan ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ọ̀kan ní òun yóò mú kí laptop yára, bẹ́ẹ̀ òun ló jókòó lé e láyà. Méjì jẹ́ ọlọ́dẹ tó yẹ kó máa mú kòkòrò, ara wọn ni wọ́n ń bá jà. Bí a bá ti ní kí ọ̀kan máa lọ, yóò bi wá pé ṣé ó dá wa lójú. Olè ń bi onílé pé ṣé ó dá a lójú! Mo dá gbogbo wọn lóhùn sókè pé ó dá mi lójú. Èyí tó ń sọ ojú ọjọ́ gbé ìwé kan jáde, ó ní inú òun bàjẹ́ pé a ń lé òun, kí a sọ ohun tí òun ṣe. Mardiyah fẹ́ pa á dé, mo ní rárá, ẹni tó bá bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, a kì í ṣe é ní dákẹ́. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo sọ fún un pé a ní fèrèsé. Mo sọ fún un pé abẹ́ agbádá ẹlòmíràn ni ó sápamọ́ sí tó fi wọlé. Mo kọ àdírẹ́sì wa síbẹ̀ kó lè rí ibi tí yóò fèsì sí, Mardiyah sáré pa á rẹ́. Títí di òní, wọn kò fèsì. Inú tó bàjẹ́ náà ńkọ́?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ọlọ́dẹ tuntun tí Mardiyah gbé wá. Ó mú kòkòrò mọ́kànlá, ó ní òun ti tì wọ́n mọ́ yàrá kan. Mo ní yàrá náà dà. Mardiyah ní inú laptop ni. Ìdùnnú, ṣé o gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Wọ́n mú olè nínú ilé, wọ́n tún fi yàrá fún un nínú ilé kan náà! Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ fún un? Mardiyah ní wọ́n ti dì wọ́n lókùn, mo ní okùn a máa tú. N kò jẹ́ kó sinmi títí ó fi pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Mo dìde dúró kí n lè rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, n kò rí ẹnìkan.

Dàpọ̀ fi fóònù tèmi pe báńkì, nítorí Mardiyah ní kí ó má fi nǹkan rẹ̀ kankan pè wọ́n. Wọ́n bi í ní orúkọ ajá tó kọ́kọ́ sìn. Kevin wọlé láì dárúkọ bàbá rẹ̀, ẹni tó ni owó ni wọ́n ń bi ní orúkọ ajá! Dàpọ̀ kò sì sin ajá rí láyé rẹ̀, ajá ìyá onígáàrí ìdí ilé wọn ni ó kọ síbẹ̀ nígbà náà, ó gba wákàtí kan kó tó rántí. Wọ́n ti yí káàdì padà. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù.

Password rẹ̀ náà ti yí. Orúkọ rẹ àti ọdún ìgbéyàwó yín ni ó fi ń ṣí gbogbo nǹkan, inú mi kọ́kọ́ dùn pé ó fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀, Mardiyah ní àwọn olè náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí a wá ọ̀rọ̀ gígùn tí àjèjì kò lè mọ̀. Mo fún wọn ní gbólóhùn tí ìyá mi fi máa ń kì ọ́ nígbà tí o bá kọ oúnjẹ. N kò ní kọ ọ́ síbí. Bí o bá ti gbàgbé rẹ̀, lọ bi Kevin.

Irọ́ ṣọ́bìrì wá ńkọ́? Abọ́sẹ̀dé àbúrò ọkọ rẹ ló pe Dàpọ̀ láti àdúgbò Cranston, ó fẹ́ kó tẹ ìwé kan fún òun, Dàpọ̀ ní laptop kò ṣiṣẹ́, Dùnsìn sì kígbe láti ẹ̀yìn pé Grandpa ti gbé e sá lọ sínú snow. Dàpọ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ni Abọ́sẹ̀dé bu ọbẹ̀ lé. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, mo ti sin ín. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, mo ti ní ṣọ́bìrì. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo ba iṣẹ́ tí ọkọ rẹ ì bá rí jẹ́. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ Kevin? Abọ́sẹ̀dé wá síbí lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ẹnu rẹ̀ ń pè mí ní ẹ, ojú rẹ̀ ń pè mí ní ìwọ, ó ní ṣé ẹ rí i, Bàbá Kékeré, Calgary kì í ṣe Òkè-Awò. Òótọ́ ni. Ní Òkè-Awò, wọn ì bá ti bi mí léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Fi owó ránṣẹ́ kí n ra bàtà snow, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kò tíì mọ̀ pé ara mi ni òun wà láti ọjọ́ náà. Fi owó ọlọ́dẹ laptop kún un, ti odidi ọdún kan, nítorí ó ní ọ̀fẹ́ ni òun yóò fi ṣọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọjọ́, mo sì mọ irú ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó fi ń mọ ibi tí ẹrù wà. Tí o bá sì pe ọkọ rẹ, má mẹ́nu kan lẹ́tà iṣẹ́ náà. Bi í bóyá ó ti jẹun. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọfà Kevin kan owó rẹ kò ní jẹ́ kí ọfà ayé dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wàá ti ìrìn-àjò dé, wàá bá wa pé.

Mo ti ń ka àwọn tó dúró tì mí. Mardiyah ni àkọ́kọ́, kò mọ̀ mí rí, ó gbà mí gbọ́. Dùnsìn ni ìkejì: níwájú Abọ́sẹ̀dé ló ti sọ ní èdè Òyìnbó pé Grandpa kò sin nǹkan kan, ó sì lọ gbé àpò ìrẹsì wá bí ẹlẹ́rìí. Dàpọ̀ ni ìkẹta, ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Mo ti ká ìka mẹ́ta. N kò kà mọ́. Ìka kẹrin ṣì nà síbẹ̀, ó sì ti ń ro mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbámi.